Ooru Inú Gíà: Ìtàn Píkọ́ọ̀pù Tí A Tún Ṣe Lójú Ọ̀nà Agége

Ọ̀rọ̀ ooru ni mo gbé wá lóṣù yìí. Kì í ṣe ooru oòrùn tí gbogbo wa ń jẹ ní Èkó. Kì í sì í ṣe ooru ẹ́ńjìnì tí ó máa ń mú kí omi hó nínú rẹdiétọ̀, tí dẹ́rẹ́bà yóò sì máa sáré tọrọ omi kiri pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Ooru inú gíà ni. Ooru yìí kì í hó, kì í pariwo, kì í sì í rú èéfín títí nǹkan yóò fi bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa nítorí pé ó ti jẹ ilé wa rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń fi píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 kó ẹrù láti àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà lọ sí ọjà Agége àti Ìyánà-Ìpájà. Ọdún 16 ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Agége Motor Road yóò mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì awakọ̀ kì í sinmi níbẹ̀. Yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì, yóò tú u sílẹ̀, yóò tún un tẹ̀, ìgbà àìmọye kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó yá, orúnkún òsì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní kí wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Èmi tí mò ń jókòó sídìí tábìlì nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo la ẹnu mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe ra ọlọ́tọ̀mátíìkì? Kò ní kílọ́ọ̀ṣì rárá."

Wọ́n gbọ́ tèmi. Wọ́n yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ó jó irin mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹrù lè ga. Wọ́n fi ewé sípíríǹgì kún sípíríǹgì rẹ̀ kí ìdí ọkọ̀ má baà wọlẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ táyà sí èyí tó tóbi jù. Ẹ wo ọkọ̀, ó rí bí akọ màlúù! Oṣù 7 péré ni ó lò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, láàárín Agége àti Ìyánà-Ìpájà, ẹ́ńjìnì ń ké, ọkọ̀ kò lọ. Wọ́n fi sí D, kò lọ. Wọ́n fi sí ẹ̀yìn, kò lọ. Gíà ti jó. Gbèsè alájẹṣẹ́kù kò jó ní tirẹ̀. Ọmọ wọn méjì jókòó sílé fún odidi táàmù kan. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ fún mi ni, "Ìwọ lo ní kí n rà á."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Bí kò bá nídìí, ẹ̀ṣẹ́ kì í dédé ṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí irú gíà yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, àti ìdí tí ooru fi ń pa á. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ pé títún ọkọ̀ ṣe kì í ṣe àṣà tuntun ní agbègbè wa. Ẹrù ló kọ́kọ́ sọ Agége di Agége. Kí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbòde, J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbin kòkó níbẹ̀. Ọdún 1907 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀. Ojú irin tó ti Èkó kọjá ní Agége ti dé Ìbàdàn, wọ́n sì ti ṣí i ní ọdún 1901. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù wá dé, ìdí ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnì nìkan ló sábà máa ń ti ìlú òyìnbó wá. Káfíńtà tiwa ló ń kan pákó sí i lára. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí bọ́lẹ̀kájà, tí èrò máa ń kojú síra wọn nínú rẹ̀ bí ẹni fẹ́ jà. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe rí mólúè lẹ́yìn náà, tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kan ara rẹ̀ sórí ìdí ọkọ̀ Mercedes-Benz 911. Ohun tí òyìnbó ṣe fún ẹrù ni a sọ di ti èèyàn, èyí tó ṣe fún èèyàn ni a sọ di ti ẹrù.

Nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń lọ sópin, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ilé ọtí Guinness ṣí níbẹ̀ ní 1962. Dunlop wá ń ṣe táyà níbẹ̀ títí di ọdún 2008. Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ìkẹjà sì bọ́ sínú rẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni a kúrò ní apá òsì títì, tí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún. Ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kaduna, Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry. Owó epo wà nílùú nígbà náà.

Láti ìdí ìtòpọ̀ Kaduna yẹn ni píkọ́ọ̀pù 504 ti di ọkọ̀ gbogboògbò. Kí nìdí tí a fi fẹ́ràn rẹ̀? Ó lè gbé ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Gíà ọlọ́wọ́, ìyẹn mánúà, ló ní. Kò sí mẹkáníìkì abẹ́ igi kankan láti Múṣin dé Ọ̀tà tí kò lè tú gíà rẹ̀ palẹ̀ lórí àpò símẹ́ǹtì, kí ó sì tò ó padà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Bí ooru bá sì mú kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, imú yóò gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Òórùn yẹn kò jọ òórùn mìíràn. Dẹ́rẹ́bà yóò ti mọ̀ pé kí òun rọra.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1986 dé. Ìjọba gbé ètò SAP kalẹ̀, wọ́n ṣí ọjà owó ilẹ̀ òkèèrè ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Náírà wó. Dọ́là kan tí kò tó náírà méjì tẹ́lẹ̀ kọjá náírà mẹ́rin lọ́sẹ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ tuntun di ohun àwòmọ́jú fún òṣìṣẹ́. Ọkọ̀ àlòkù láti ìlú òyìnbó ló wá rọ́pò rẹ̀, ó ń gba Àpápá, ó ń gba Kútọnu wọlé. Àwa Yorùbá sì ní orúkọ tí a máa ń sọ ọmọ tí a bí lókè òkun kó tó wálé. A fún ọkọ̀ náà lórúkọ ọmọ: Tòkunbọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù àti Jámánì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń bọ̀, mánúà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí ti Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, ọ̀tọ̀mátíìkì ló pọ̀ jù nínú tiwọn. Ohun tó yí padà gan-an nìyẹn. Ọkọ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n abẹ́ igi kò tíì yí.

Kí wá ni ọ̀tọ̀mátíìkì gan-an? Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Hermann Föttinger, ló gba ìwé àṣẹ ìpilẹ̀ rẹ̀ ní 1905, ọkọ̀ ojú omi ló sì ṣe é fún. Ní 1939, ilé iṣẹ́ General Motors gbé Hydra-Matic jáde sínú ọkọ̀ Oldsmobile. Nígbà ogun Hitler, wọ́n fi gíà yìí sínú ọkọ̀ ogun kékeré tí wọ́n ń pè ní M5. Nígbà tí ogun parí, wọ́n ń polówó fún ará Amẹ́ríkà pé gíà tó ti ojú ogun bọ̀ ni.

Ẹ fojú inú wo fáànù méjì tó kojú síra wọn. Ẹ tan ọ̀kan. Atẹ́gùn rẹ̀ yóò yí èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan kò so wọ́n pọ̀. Ẹ wá fi ọ́ìlì dípò atẹ́gùn. Ẹ́ńjìnì ń yí àkọ́kọ́, ọ́ìlì ń gbé agbára náà fún èkejì, èkejì ń yí táyà. Nítorí náà, a lè dúró, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, láìsí kílọ́ọ̀ṣì tí a ó tẹ̀. Ó dùn, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: nígbà tí fáànù àkọ́kọ́ bá ń yí, tí táyà kò yí, níbo ni agbára ẹ́ńjìnì ń lọ? Kò ríbi lọ. Inú ọ́ìlì ló ń dì sí, ó sì ń di ooru. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó, tí ìrìn bá sì ṣe lọ́ra tó, bẹ́ẹ̀ ni ooru yóò ṣe pọ̀ tó. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pẹ̀lú ẹrù nìyẹn, tí í ṣe gbogbo ìgbésí ayé ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà Agége.

Omi máa ń hó ní ìwọ̀n ooru 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ́ìlì gíà fẹ́ràn láti wà láàárín 80 sí 95. Àwọn tó mọ̀ nípa ọ́ìlì ní òfin kan: ní gbogbo ìgbà tí ooru bá fi 10 lé, ọjọ́ ayé ọ́ìlì á dín sí ìdajì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ó bá yẹ kí ọ́ìlì lo ọdún mẹ́rin ní 90, ọdún méjì ni yóò lò ní 100, ọdún kan ní 110, oṣù mẹ́fà ní 120. Bí ooru bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ tó fi sún mọ́ 150, rọ́bà inú gíà á le bí egungun, àwo tó ń mú gíà dání á máa yọ̀. Bí ó bá ṣe ń yọ̀ ni yóò tún máa dá ooru mìíràn sílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọ́ìlì yìí fúnra rẹ̀ ní ìtàn tó yà mí lẹ́nu. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kí ó lè fara da ooru, kí àwo gíà sì lè máa mú ara wọn láìjá lójijì, òróró ara ẹ̀dá ńlá inú òkun ni. Àwa ń pè é ní àbùùbùtán, ìyẹn ni pé a bù ú, bù ú, kò tán. Ọmọ aráyé fẹ́rẹ̀ẹ́ bù ú tán! Ní 1970, ìjọba Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parẹ́, ọ̀nà òróró náà sì dí. Àwọn aṣọ́ìlì ní láti wá nǹkan mìíràn pò. Láti ìgbà náà ni oríṣiríṣi ọ́ìlì ti pọ̀, oníkálukú gíà pẹ̀lú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, "ọ́ìlì pupa" ṣáá ni. Bó bá ti pupa, wọ́n á rọ ọ́ sí i. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn.

Àṣìṣe kejì, ẹrù. Mo sọ pé 504 lè gbé ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ẹni tó bá rí píkọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà tó ga, tó fẹ̀, yóò rò pé yóò gbé ìlọ́po rẹ̀. Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, nǹkan bí ìdajì tọ́ọ̀nù ni a ṣe wọ́n fún, ká fi gbé irinṣẹ́ àti pákó díẹ̀. Ewé sípíríǹgì tí wẹ́dà fi kún un kò fi agbára kún gíà. Ó kàn jẹ́ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ má tẹ̀, kí ojú wa má baà rí i pé ẹrù ti pọ̀ jù. Táyà ńlá náà tún dá kún un, torí pé gíà ní láti ṣe wàhálà sí i kó tó lè yí i.

Àṣìṣe kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù, òun ló pa ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Òyìnbó mọ̀ pé ọ́ìlì gíà máa ń gbóná. Nítorí náà, wọ́n fa páìpù kékeré méjì láti inú gíà lọ sínú rẹdiétọ̀. Ọ́ìlì gbígbóná á gba ọ̀kan lọ, omi rẹdiétọ̀ á tù ú lára láìkàn án, á gba èkejì padà. Nígbà tí gíà jó, bàbá àgbàlagbà kan ní Ògbà, tí iṣẹ́ wọn kò ju gíà ọ̀tọ̀mátíìkì lọ, ló bá wa tú ọkọ̀ náà wò. Wọn kò tiẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kan gíà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n na ìka sí iwájú. Wọ́n ní, "Ẹ wá wo nǹkan."

Rẹdiétọ̀ tí ọkọ̀ náà bá wá ti jò, ẹ̀gbọ́n mi sì ti pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù kejì tí wọ́n rà á. Rẹdiétọ̀ ọkọ̀ mánúà ni ẹni tó bá wọn ṣe é gbé sí i, torí pé owó rẹ̀ kéré. Rẹdiétọ̀ mánúà kò ní ojú ihò tí páìpù gíà yóò wọ̀. Kí ni ẹni náà ṣe? Ó fi ọ̀já rọ́bà so páìpù méjèèjì pọ̀, ẹnu sí ẹnu. Ọ́ìlì kò jò. Ọkọ̀ sì ń rìn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọ́ìlì gbígbóná ń jáde, ó ń yípo, ó ń gbóná padà sílé. Oṣù márùn-ún ni ó fi ń sè. Aago ooru tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò sọ nǹkan kan, torí pé omi ẹ́ńjìnì ni aago yẹn ń wọ̀n. Omi ẹ́ńjìnì tutù bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ nígbà tí gíà ń jó.

Nítorí náà, báwo ni èèyàn ṣe lè mọ ooru tí kò rí? Bàbá Ògbà kọ́ mi ní ti àtijọ́. Ẹ fa ọ̀pá géèjì gíà yọ, ẹ fi aṣọ funfun nù ún. Bí ọ́ìlì bá pupa, tó mọ́, ẹ dúpẹ́. Bí ó bá dà bí omi kọfí, tó ń rùn bí ohun tó jó nínú ìkòkò, ooru ti ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá dà bí ògì bàbà, omi rẹdiétọ̀ ti wọnú gíà. Ẹ pa ẹ́ńjìnì níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ Toyota kan ní iná kékeré tó máa ń tàn bí ọ́ìlì gíà bá gbóná jù, ṣùgbọ́n nígbà tí iná yẹn bá fi tàn, ooru ti kọjá ibi tó dáa. Ti òde òní tún wà. Láti ọdún 1996, Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ojú ihò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí èèyàn lè ti bá ọpọlọ ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Sikánà kékeré tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni a ó kì bọ̀ ọ́, a ó sì máa ka ooru gíà lórí fóònù, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní ohun tó ń wọ̀n ọ́n.

Ní ti ìtọ́jú, ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ rí i pé páìpù méjèèjì dé ibi tí ó yẹ kí wọ́n dé. Bí ẹ bá ń kó ẹrù, ẹ fi rẹdiétọ̀ kékeré ti gíà nìkan kún un níwájú, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ ẹ. Ẹ ó rí i rà ní ọjà Ládípọ̀. Nínú gósiló tó dúró pa, ẹ fi gíà sí fíríì, kí ẹ tẹ bíréèkì, ẹ má jẹ́ kó máa jà nínú D. Bí ẹ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ fi sí gíà kékeré. Bí ooru bá kọjá 110, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ fi sí P, ẹ má pa ẹ́ńjìnì, kí ọ́ìlì lè máa yípo títí yóò fi tutù. Èyí tó ṣòro jù fún wa ni pé kí ẹrù má ju agbára ọkọ̀ lọ.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ọ̀tọ̀mátíìkì kò yẹ ilẹ̀ wa, pé mánúà ni ti wa. Nǹkan tí mo rí kò jọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ bọ́lẹ̀kájà yẹ ẹ́ torí pé àwọn baba wa mọ gbogbo irin inú rẹ̀ kí wọ́n tó kan pákó mọ́ ọn. Kì í ṣe àtúnṣe ló ń pa ọkọ̀ wa. Àtúnṣe láìbéèrè ohun tí nǹkan wà fún ni. Páìpù méjì yẹn, ẹnì kan rí i, kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì béèrè. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n ra ọlọ́tọ̀mátíìkì, n kò béèrè bí ó ṣe ń simi.

Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi fi san gbèsè náà. Wọn kò tíì sọ fún mi títí di òní pé ẹjọ́ mi kọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ ra òmíràn, ọlọ́tọ̀mátíìkì náà ni wọ́n tún lọ wò, torí orúnkún. Èmi ni wọ́n sì pè láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí n wá, kí n mú tọ́ọ̀ṣì dání, kí n bá àwọn bẹ̀rẹ̀ wo iwájú ọkọ̀, bóyá páìpù méjèèjì dé ilé.